Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lo sọ́fítíwíà òmìnira

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn ènìyàn to kọ̀ǹpútà wọn, tí mo sì ń kọ́ wọn bí a ti ń lo LibreOffice tí a fi ń kọ ìwé, GIMP tí a fi ń tún àwòrán ṣe, Audacity tí a fi ń gé ohùn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Ohun tí ó ń bí mi nínú ni pé ọ̀pọ̀ nínú wọn a máa lò ó fún oṣù méjì péré, wọn a sọ pé ó ba iṣẹ́ àwọn jẹ́, wọn a sì padà sídìí sọ́fítíwíà tí wọ́n ń sanwó fún lọ́dọọdún. Bí mo bá wá jókòó tì wọ́n kí n wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀, mo máa ń rí i pé ọwọ́ tí wọ́n fi mú un ni kò dára. N kò ní sọ bí a ti ń gbé e sórí kọ̀ǹpútà, nítorí ẹni tí ó bá ń ka èyí ti mọ̀ ọ́n.

Àkọ́kọ́ ni sísan owó fún ohun tí kò béèrè owó lọ́wọ́ yín. Obìnrin kan gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá bá mi nítorí pé wọ́n ń yọ owó lórí káàdì rẹ̀ lóṣooṣù fún áàpù tí ó fi ń kọ ìwé. Mo ṣí i, mo tẹ Help, mo tẹ About, orúkọ tí mo bá níbẹ̀ sì ni LibreOffice. Ìpolówó tí ó yọ sókè nígbà tí ó ń wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni ó tẹ̀, kò dé libreoffice.org rárá. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, free, fún ọ̀fẹ́ àti òmìnira, ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ náà fi máa ń rú àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà lójú, ṣùgbọ́n Yorùbá ya méjèèjì sọ́tọ̀. Òmìnira tí Richard Stallman, ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ GNU, iṣẹ́ ṣíṣe sọ́fítíwíà òmìnira, ní 1983, ń jà fún ni pé kí ẹni tí áàpù bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè lò ó bí ó ti wù ú, kí ó lè yẹ inú rẹ̀ wò, kí ó lè tún un ṣe, kí ó sì lè pín in fún ẹlòmíràn. Ìwé àṣẹ tí ó bá LibreOffice wá kò ka títà léèwọ̀, nítorí náà n kò lè pe ẹni tí ó tà á fún un ní olè. Bí ẹ bá ní owó tí ẹ fẹ́ ná, ẹ fi ta àwọn tí ó ń ṣe iṣẹ́ náà lọ́rẹ.

Èkejì: ẹ má gbé OpenOffice sórí kọ̀ǹpútà yín mọ́, nítorí láti 2010 ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ń ṣe é ti kúrò níbẹ̀ lọ dá LibreOffice sílẹ̀, orí ẹ̀dà 4.1 tí ó jáde ní 2014 ni OpenOffice sì wà síbẹ̀, àtúnṣe kéékèèké nìkan ni ó ń rí gbà.

Ẹ̀kẹta: ẹ má yọ áàpù àtijọ́ kúrò lọ́jọ́ tí ẹ gba tuntun.

Ẹ̀kẹrin ni ó dùn mí jù, n kò sì ní kánjú lórí rẹ̀. Gbogbo áàpù tí a fi ń ṣẹ̀dá nǹkan ni ó ní oríṣi fáìlì méjì, fáìlì iṣẹ́ àti fáìlì àfiránṣẹ́. Fáìlì iṣẹ́ ni ó rántí bí ẹ ti ṣe iṣẹ́ náà, ibi tí ẹ ti gé e, ibi tí ẹ ti lẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ sórí àwòrán àti àwọ̀ tí ẹ fi sábẹ́ rẹ̀. Fáìlì àfiránṣẹ́ ni ẹni tí kò ní áàpù yín lè ṣí, ṣùgbọ́n kò rántí ohunkóhun mọ́. Ẹni tí ó bá tọ́jú èyí ẹ̀yìn tí ó sì da ti ìṣáájú nù ti da iṣẹ́ ara rẹ̀ nù.

GIMP tilẹ̀ gbìyànjú láti kọ́ wa. Láti ẹ̀dà 2.8 tí ó jáde ní 2012, Save kò ṣe fáìlì mìíràn ju XCF, fáìlì iṣẹ́ rẹ̀, lọ, ẹni tí ó bá fẹ́ JPG tàbí PNG ní láti lọ sí Export As. Àwọn ènìyàn fi ìbínú gba àyípadà náà, ṣùgbọ́n ní tèmi, ìpinnu ọlọ́gbọ́n ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí mo kọ́ níṣẹ́ ṣe ìwé ìpè fún oníbàárà kan. Ó ṣe JPG, ó fi ránṣẹ́, ó fẹ́ ti áàpù náà, GIMP sì kìlọ̀ fún un pé iṣẹ́ náà kò tíì sí ní ìpamọ́, ó tẹ Discard Changes. Ní ọjọ́ kejì, oníbàárà ní ọjọ́ Sátidé ti di ọjọ́ Ẹtì. Ó ṣí JPG náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi búrọ́ọ̀ṣì kun orí ọ̀rọ̀ náà kí ó lè kọ òmíràn sí i. Àwọ̀ abẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo, ó ń ti orí búlúù tí ó dúdú bọ̀ wá sí búlúù tí ó mọ́lẹ̀, nítorí náà ibi tí ó kùn yọ sílẹ̀ gbangba bí àlẹ̀mọ́ lára aṣọ. Ó jókòó tì í títí di ọ̀gànjọ́ òru, ó sì fi owó tirẹ̀ bẹ ẹlòmíràn lọ́wẹ̀ kí ó tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí XCF bá wà ní ìpamọ́ ni, ìbá tẹ lẹ́tà T, ìbá tẹ orí ọ̀rọ̀ náà, ìbá sì yí i padà kí ó tó mí lẹ́ẹ̀mejì.

Èmi náà ti jẹ nínú ìyà yìí, ìdí nìyí tí n kò fi lè dákẹ́ lórí rẹ̀. Kí Audacity 3.0 tó jáde ní 2021, AUP, fáìlì iṣẹ́ rẹ̀, kì í gbé ohùn kankan sínú ara rẹ̀, ó kàn ń tọ́ka sí àwọn ègé ohùn tí ó wà nínú fódà kan tí orúkọ rẹ̀ parí sí _data. Mo fi ọjọ́ mẹ́ta gé ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò wákàtí méjì, mo yọ ikọ́, mo yọ ariwo, mo so àwọn ibi tí ó já pọ̀. Mo fẹ́ gbé Linux Mint tuntun, ètò tí ó ń darí kọ̀ǹpútà bíi ti Windows, sórí kọ̀ǹpútà náà, mo bá da AUP nìkan sórí fláàṣì, mo sì nu gbogbo ohun tí ó wà lórí kọ̀ǹpútà náà. Fáìlì náà kéré débi pé ó yẹ kí n fura. Nígbà tí mo ṣí i, gbogbo ibi tí mo gé ni ó wà níbẹ̀, ìlà ohùn sì tẹ́ pẹrẹsẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohùn àkọ́kọ́ ṣì wà nínú ẹ̀rọ tí mo fi gbà á, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ti lọ. Lónìí, AUP3 ń kó gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì kan ṣoṣo, ẹ dákun, ẹ tọ́jú rẹ̀, kí ẹ sì fi WAV tàbí MP3 ránṣẹ́ sí ẹni tí yóò gbọ́ ọ.

Ẹni tí ó ń lo OBS Studio, áàpù tí a fi ń gba fídíò ojú kọ̀ǹpútà sílẹ̀, kí ó máa fi MKV gba fídíò rẹ̀ sílẹ̀, nítorí bí kọ̀ǹpútà bá kú lójijì, ohun tí ó ti gbà títí di ìgbà náà ṣì máa ń ṣí, MP4 lásán kì í sábà rí bẹ́ẹ̀; Remux Recordings tí ó wà lábẹ́ File yóò sọ ọ́ di MP4 lẹ́yìn náà.

Ọ̀rọ̀ kan náà ni ti LibreOffice, níbi tí ẹjọ́ ti pọ̀ jù. ODT ni fáìlì iṣẹ́. PDF ni ẹ ó fi ránṣẹ́ sí ẹni tí yóò kàn kà á, DOCX sì wà fún ẹni tí yóò tún un kọ nìkan. Ẹni tí ó ń fi DOCX pamọ́ lójoojúmọ́ ń mú kí áàpù náà túmọ̀ ìwé rẹ̀ láti èdè kan sí èkejì ní gbogbo ìgbà tí ó bá tẹ Save, ìtumọ̀ kò sì ní ṣe kí ó má gbé nǹkan ṣubú lọ́nà. Bí ẹ bá fẹ́ kí fáìlì kan ṣe iṣẹ́ méjèèjì, ẹ wá Hybrid PDF níbi tí ẹ ti ń ṣe PDF: ẹni tí ẹ fi ránṣẹ́ sí yóò kà á bí PDF, ẹ̀yin yóò sì lè ṣí i nínú LibreOffice kí ẹ tún un kọ, nítorí ODT ti wà nínú rẹ̀.

Ìwé tí ó dàrú nígbà tí ó dé orí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn náà ní ìdí. Fọ́ǹtì Calibri àti Cambria jẹ́ ti Microsoft, wọn kì í sì í sí lórí Linux. Carlito àti Caladea ni ẹ máa fi rọ́pò wọn, torí ìbú lẹ́tà wọn dọ́gba, ìlà yóò sì já síbi tí ó yẹ kí ó já sí. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dá fọ́ǹtì lẹ́bi, ẹ tẹ Ctrl àti F10 pọ̀ kí ẹ wo ìwé yín. Bí ẹ bá rí àmì tótótó tí ó tò lọ bí èèrà ṣáájú àkọlé, kọ́kọ́rọ́ àlàfo ni ẹ fi sún un dé àárín, ẹ sì ti tẹ Enter ní ìgbà mọ́kànlá kí ẹ lè dé ojú ewé kejì. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò lè dúró déédéé nínú áàpù kankan, ì báà jẹ́ èyí tí ẹ sanwó fún. Ẹ tẹ F11, kí ẹ lo Heading fún àkọlé.

Nípa KeePassXC, áàpù tí ó ń tọ́jú gbogbo páásíwọ́ọ̀dù yín, páásíwọ́ọ̀dù àgbà tí ẹ fi ń ṣí i, bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀, ó ti lọ, kò sí ẹni tí ẹ lè pè, kò sì sí ibi tí wọ́n ti ń bá ni tún un ṣe. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé, kí ẹ fi pamọ́ síbi tí ìwé pàtàkì yín wà, kí KDBX, fáìlì tí ó kó àwọn páásíwọ́ọ̀dù náà sínú, sì wà níbi méjì.

Bí ẹ bá sì ní Syncthing, áàpù tí ó ń mú kí fódà kan náà wà lórí ẹ̀rọ méjì, ni ẹ fi ń ṣe ibi kejì, ẹ rántí pé ohun tí ẹ bá parẹ́ lórí fóònù yóò parẹ́ lórí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú, nítorí iṣẹ́ tí wọ́n rán an nìyẹn. Ẹ ṣí fódà náà lórí ẹ̀rọ kejì, ẹ lọ sí File Versioning tí wọ́n máa ń pa sílẹ̀, kí ẹ mú Trash Can, kí ẹ sì kọ iye ọjọ́ tí ẹ fẹ́ kí ó fi tọ́jú ohun tí a parẹ́. 30 ni mo kọ sí tèmi.