Oògùn Dókítà Lọ́wọ́ Ẹni Tó Ń Wakọ̀ ní Òkè Ọya

Ìwé dókítà ń dáhùn ìbéèrè méjì péré lójú pópó: ta ló ni oògùn tó wà nínú ọkọ̀ yìí, ta ló sì ní kó máa lò ó? Kò lè sọ bóyá ojú awakọ̀ náà dá. Òfin Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ti ọdún 2007 ka wíwakọ̀ nígbà tí ọtí tàbí oògùn bá ń pa ènìyàn sí ẹ̀ṣẹ̀, ojúlówó oògùn ilé ìwòsàn sì lè mú ènìyàn tòògbé nídìí ọkọ̀.

Kí ẹ tó kúrò níwájú apòògùn, ẹ bi í bóyá èyí tó kó fún yín máa ń fa oorun tàbí òòyì. Diazepam tí wọ́n ń fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, tramadol tó wà fún ìrora, àti amitriptyline tó wà fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn wà lára àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Piriton, oògùn ara yíyún àti imú ṣíṣàn, tí àwa ará Kubwa ní Àbújá ń jẹ bí ẹ̀pà nígbà ọyẹ́ nítorí eruku. Bí oògùn bá jẹ́ tuntun sí yín, ẹ lò ó nílé fún ọjọ́ mélòó kan ná, kí ẹ rí bí ara ṣe gbà á, ẹ má sì mu ọtí lé e. Ẹ má ṣe torí ìrìn àjò dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró. Bí ó bá ń kọ́ yín lóòyì, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà, kí ẹlòmíràn sì wakọ̀ ná. Ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ insulin nítorí àtọ̀gbẹ kò gbọdọ̀ wakọ̀ lórí ebi: bí ọwọ́ bá ti ń gbọ̀n tí òógùn tútù sì bò ó, kí ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ó lá ṣúgà, kí ó sì dúró títí ara yóò fi bọ̀ sípò pátápátá.

Ní ti ẹrù, èmi fúnra mi ti jìyà àìmọ̀kan. Nígbà kan tí ẹ̀yìn ń dùn mí, mo tú hóró tramadol mẹ́wàá tí dókítà kọ fún mi kúrò nínú páálí, mo dì wọ́n sínú ọ̀rá funfun, mo sì tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ jíà. Lọ́nà Àbújá sí Lọ́kọ́ja, ẹ̀ṣọ́ kan dà wọ́n sí àtẹ́lẹwọ́, ó kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wò mí, ó ní, "Ọ̀gá, ta lẹ fẹ́ lọ tà á fún?" Inú oòrùn ni mo wà títí ìyàwó mi fi fi fọ́tò ìwé ilé ìwòsàn ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí oògùn wà nínú páálí rẹ̀, kí ìwé dókítà tó ní orúkọ yín àti déètì wà pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹ má sì kó ju èyí tí ẹ óò lò lọ. Oògùn ikọ́ olómi tó ní codeine, tó ti pẹ́ nínú kọ́bọ́ọ̀dù, kò yẹ kó bá yín rìn rárá. Láti 2018 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de ṣíṣe é àti kíkó o wọlé.

Bí wọ́n bá dá yín dúró, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ sọ gíláàsì kalẹ̀, ẹ kí wọn. Ẹ má ṣe dédé ki ọwọ́ bọ báàgì. Ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹ fẹ́ mú. Bí ẹni tó dá yín dúró kò bá gbọ́ Yorùbá, ẹ sọ ọ́ ní Hausa: "Maganina ne, likita ne ya ba ni," ìyẹn ni pé oògùn mi ni, dókítà ló fún mi. Bí wọ́n bá béèrè ìgbà tí ẹ lò ó kẹ́yìn, ẹ sọ òótọ́. Bí wọ́n bá gbẹ́sẹ̀ lé e, ẹ má jà, ẹ má sì fi owó bẹ̀ wọ́n; ẹ ka orúkọ tó wà láyà aṣọ wọn, kí ẹ sì béèrè ìwé tó fi hàn pé wọ́n gbà á. Ẹni tó bá ní abẹ́rẹ́ insulin nínú kúlà gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí ẹ̀ṣọ́ tó tọwọ́ bọ̀ ọ́, kí abẹ́rẹ́ má baà gún un, kí ó sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n tètè dé e padà, nítorí oòrùn ọ̀sán Abaji, lójú ọ̀nà Lọ́kọ́ja yẹn, kì í pẹ́ ba insulin jẹ́.