Sírínjì lè lé afẹ́fẹ́ jáde nínú bíréèkì ọ̀kadà yín

Ẹ̀yin ará, bí bíréèkì ọwọ́ yín bá ń rọ̀ bíi tìmùtìmù, ó ṣeé ṣe kí afẹ́fẹ́ ti wọ inú ọ́ìlì rẹ̀. Ẹ ra sírínjì ńlá, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ojú ń rí inú rẹ̀ àti sípánà 8 (òun ló bá ọ̀pọ̀ ọ̀kadà mu).

Ẹ kọ́kọ́ fa díẹ̀ nínú ọ́ìlì àtijọ́ kúrò nínú ike ọ́ìlì tó wà lókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ bíréèkì, kó má baà kún àkúnwọ́sílẹ̀. Ẹ fa ọ́ìlì bíréèkì tuntun sínú sírínjì, ẹ tì í títí rọ́bà á fi kún, kẹ́ ẹ tó kì í bọ nọ́ọ̀tì oníhò tó wà lára kálípà (irin ẹ̀gbẹ́ táyà tó ń fún páàdì mọ́ àwo bíréèkì). Ẹ tú nọ́ọ̀tì náà díẹ̀, ẹ wá máa ti sírínjì jẹ́jẹ́. Òkè ni afẹ́fẹ́ ń lọ. Ẹ ó rí i tó ń hó kúẹ́kúẹ́ nínú ike. Ẹ dè nọ́ọ̀tì náà padà kẹ́ ẹ tó yọ rọ́bà.

DOT (irú ọ́ìlì bíréèkì) tí wọ́n kọ sórí ìdérí ike náà ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí i láéláé, ó máa ń ba rọ́bà inú bíréèkì jẹ́. Bí ọ́ìlì bíréèkì bá kán sára ọ̀dà ọ̀kadà, omi ni kẹ́ ẹ dà sí i kíá. Ibi tó bó lára táǹkì mi ṣì wà níbẹ̀. Bí bíréèkì ò bá tíì le gírígírí lọ́wọ́ yín, ẹ má gùn ún jáde.