Ọwọ́ mẹ́ta lójú fèrèsé: bí mo ṣe yan rẹ́sìn fún ọmọlangidi tó ń wọ àdìrẹ

Kí n tó ra ọmọlangidi kankan, ọwọ́ ni mo kọ́kọ́ rà. Ọwọ́ lásán, mẹ́fà, méjì-méjì láti ara oríṣi rẹ́sìn mẹ́ta (ike tí wọ́n ń dà sínú mọ́ọ̀dì ní omi, tó wá ń gan), kò sí èyí tó gùn ju ìka mi lọ. Ọjọ́ tí páálí náà dé, Màmá mi ló tú u nínú ìsọ̀ wa ní Ìtòkú. Igbe ló fi bọnu. "Ta ló gé ọwọ́ ọmọ ọlọ́mọ ránṣẹ́ sí ẹ?" Oníbàárà kan tó ti ń yọ owó nínú báàgì rẹ̀ dá a padà síbẹ̀. Mo ṣàlàyé títí, obìnrin náà kò ra ọjà lọ́jọ́ náà.

Àdìrẹ là ń tà. Àwọn tó bá gun Òkè Olúmọ tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sábà máa ń yà lọ́dọ̀ wa. Wọ́n á fọwọ́ pa aṣọ wò, wọ́n á yìn ín, wọ́n á sì ká a sílẹ̀, nítorí pé kì í ṣe gbogbo èèyàn ló lè wo aṣọ ọ̀pá márùn-ún kí ó rí ìró àti bùbá nínú rẹ̀. Mo fẹ́ nǹkan kékeré kan tí á máa wọ̀ ọ́ lórí tábìlì fún wọn. Bèbí oníke tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré ni mo kọ́kọ́ dán wò. Ọwọ́ rẹ̀ kò ká, ìdí rẹ̀ kò gba ìró, gèlè sì ń yọ̀ kúrò lórí irun rẹ̀ tó ń dán. Ibi tí mo ti ń wá èyí tó sàn jù ú lọ ni mo ti bá ọmọlangidi olóríkèé pàdé.

Ilé-iṣẹ́ Volks ní Jàpáànì gbé tirẹ̀ jáde ní 1999, ó pè é ní Super Dollfie. Lẹ́yìn náà ni àwọn ará Kòríà àti Ṣáínà bá wọn dá sí i. Inú rẹ̀ ṣófo. Ní èjìká, ìgbọ̀nwọ́, ìbàdí, orúnkún àti ọrùn ọwọ́, wọ́n ṣe oríkèé rẹ̀ roboto bí bọ́ọ̀lù kékeré tó jókòó sínú ihò, wọ́n wá fi okùn rọ́bà tó nípọn gba inú gbogbo ara rẹ̀ kọjá, ìwọ̀ irin kéékèèké ló sì di okùn náà mú. Bí ẹ bá ṣe ká ẹsẹ̀ rẹ̀ ni yóò ṣe dúró. Ẹyinjú rẹ̀ ṣeé yọ, irun rẹ̀ ṣeé pààrọ̀, ọ̀dà tí wọ́n fi kun ojú rẹ̀ ṣeé nù kúrò kí a tún un kùn. Ìgbà tí mo sọ fún Màmá mi pé ó lè kúnlẹ̀ kí àgbà ni wọ́n tó dá mi lóhùn dáadáa.

Èyí tó tóbi máa ń ga tó 60 sẹ̀ǹtímítà, ṣùgbọ́n ìyẹn á jẹ aṣọ jù. Mo mú èyí tó ga tó nǹkan bí 40, nítorí pé àjákù aṣọ tó ń ṣẹ́ kù nílé télọ̀ tó o.

Kí n má parọ́, kì í ṣe pé mo fẹ́ rà á látìbẹ̀rẹ̀. Mo rò pé mo lè dà á fúnra mi. Ọ̀gbẹ́ni kan wà ní ọ̀nà Làfẹ́nwá tó ń fi rẹ́sìn polyester ṣe àwo ìdánilọ́lá tí wọ́n ń fún àwọn òṣìṣẹ́ tó bá fẹ̀yìn tì. Ó bá mi da apá kan sínú mọ́ọ̀dì sílíkóònù. Òórùn rẹ̀ le débi pé orí fọ́ mi di ọjọ́ kejì. Apá náà dán, ó lẹ́wà, àmọ́ nígbà tí mo fi okùn rọ́bà sí i tí mo fà á le, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ là sí méjì bí èèpo ẹyin. Polyester kò fẹ́ kí a máa fà á. Mo tún gbìyànjú epoxy, èyí tí àwọn káfíńtà ń dà sáàárín pákó tábìlì kó lè dà bí odò. Ó lo odindi ọjọ́ kan kó tó gan, nígbà tó sì gan tán, ooru abẹ́ páànù ìsọ̀ wa lọ́sàn-án mú kí ó rọ̀ díẹ̀, ìka ọmọlangidi mi tẹ̀ bí ìka ẹni tó ń pe ẹlòmíràn. Ti rẹ́sìn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé 3D, èyí tí wọ́n ń fi ìmọ́lẹ̀ mú gan, mi ò tiẹ̀ débẹ̀. Ẹni tó ní ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi pé bí oòrùn bá ń pa á lójoojúmọ́, á máa gbẹ sí i ni, títí tí á fi máa ṣẹ́.

Polyurethane ni àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ń lò. Omi méjì ni, a ó pò wọ́n pọ̀, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ó ti di líle. Kí ló dé tí n kò da ìyẹn náà? Ọ̀kan nínú omi méjèèjì kórìíra ọ̀rinrin. Bí ọ̀rinrin bá ti pọ̀ nínú atẹ́gùn, ó máa ń bá omi inú atẹ́gùn jà, ó sì máa ń hó bí ọṣẹ. Gbogbo inú iṣẹ́ náà á kún fún ihò bíi búrẹ́dì. Ẹni tó bá mọ Abẹ́òkúta nínú oṣù Agẹmọ, nígbà tí aṣọ a máa lo ọjọ́ mẹ́ta lórí okùn láì gbẹ, á mọ ohun tí mò ń sọ. Èéfín rẹ̀ kò sì dáa fún ẹ̀dọ̀fóró. Mo gbà, mo ní kí àwọn tó ní yàrá tó yẹ ṣe é fún mi.

Ibẹ̀ ni wàhálà mi wá bẹ̀rẹ̀, torí pé polyurethane kan náà ni, ṣùgbọ́n oríṣiríṣi orúkọ ni wọ́n fi ń tà á. Wọ́n ní "French resin". Wọ́n ní "normal". Wọ́n ní "tan". French yẹn, ìmọ́lẹ̀ máa ń wọ inú rẹ̀ díẹ̀. Bí ẹ bá gbé ìka rẹ̀ sókè síwájú gílóòbù, etí ìka á mọ́ rekete bí ẹran àgbọn tútù. "Normal" kò jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé. Ó rí bí àwo tánganran. "Tan" ni èyí tí wọ́n po àwọ̀ pupa-dúdú mọ́, wọ́n sì ń gba owó lé e lórí. Nínú àwòrán tí mo rí, French ló pa mí. Ojú ọmọlangidi náà dà bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Ká ní ọjọ́ yẹn ni mo sanwó, òun ni ǹ bá rà.

Ṣùgbọ́n ọmọ aládìrẹ ni mí, a kì í ra aró láì fi ọwọ́ kàn án. Àwọn tó ń ta ọmọlangidi máa ń ta ọwọ́ lọ́tọ̀, torí pé ọwọ́ ló máa ń tètè bàjẹ́. Bí mo ṣe di ẹni tó ń ra ọwọ́ nìyẹn.

Ẹyọ kan nínú oríṣi kọ̀ọ̀kan ni mo fi sí ojú fèrèsé ilé wa ní Aṣerò, níbi tí oòrùn àárọ̀ ti ń wọlé. Mo fi fọ́ìlì tí wọ́n fi ń yan ẹja bo ọrùn ọwọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo fi ìka sílẹ̀ ní gbangba. Àárín oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni mo gbé e síbẹ̀, mo gbé e kúrò ní ìparí Èrèlé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré! Nígbà tí mo tú fọ́ìlì, ààlà ti wà lára French funfun náà bí ẹni tó wọ aago lọ sí oko: ìka ti pọ́n bí eyín ẹni tó ń jẹ obì, ọrùn ọwọ́ ṣì funfun. "Normal" náà pọ́n, àmọ́ ti tèmi kò tó ti French. "Tan" kò pọ́n lójú mi, ó kàn ṣá díẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ti òun kì í pọ́n o. Gbogbo polyurethane tí wọ́n fi ń ṣe ọmọlangidi ni oòrùn ń mú. Ọ̀dà afúnfín tó ń dí oòrùn lọ́wọ́ wà, ṣùgbọ́n ńṣe ló ń fa ọjọ́ sẹ́yìn, kì í dá a dúró.

Ẹyọ mẹ́ta tó kù ni mo fi dán ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù wò, ìyẹn aró. Mo gé àdìrẹ ẹlẹ́kọ tuntun tí a kò tíì fọ̀, mo rẹ ẹ́ sómi díẹ̀ bí aṣọ tí òógùn bá mú, mo fi wé ọwọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo gbé òkúta lé e. Oru mẹ́ta. Nígbà tí mo tú u, àárín ìka French ti di búlúù. "Normal" náà di búlúù. Màmá mi wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Aró ò mọ ẹni tó ra ọjà," wọ́n ní, "ẹ̀yin lẹ ò ṣan aṣọ dáadáa." Lóòótọ́ ni. Síbẹ̀, ọmọlangidi tí yóò máa wọ aṣọ tuntun lójoojúmọ́ kò lè máa dúró de ìgbà tí omi á mọ́. Ọwọ́ "tan" ńkọ́? Mo wò ó, mo yí i, mo gbé e sí ojú oòrùn, kò hàn. Mo mọ̀ pé aró wọ̀ ọ́ lára, torí pé nígbà tí mo fi òwú tútù nù ún, òwú náà di búlúù. Ṣùgbọ́n ojú kò rí i.

Mo fi sáńpépà omi, nọ́ńbà 1000, ha àbàwọ́n yẹn. Inú omi ni mo ti ṣe é, mo sì fi nǹkan bo imú, torí pé eruku rẹ́sìn kì í ṣe ohun tí a ń fà símú. Funfun méjèèjì mọ́ bí wọ́n ṣe wà. "Tan" ló dójú tì mí: ibi tí sáńpépà kàn hàn, ó funfun rẹ́rẹ́ bí ẹsẹ̀ ọmọ tí kò fi òróró para nínú ọyẹ́. Ẹni tó bá ra èyí tó dúdú gbọ́dọ̀ mọ̀ pé kò ní lè ha ìlà tí mọ́ọ̀dì fi sílẹ̀ kúrò lára rẹ̀ bí ó ṣe wù ú. Ìfà tó bá fà á máa hàn.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló ṣe àyẹ̀wò kẹrin láìjẹ́ pé mo rán an. Ó gbá ọwọ́ French sílẹ̀ síméńtì, ìka kan fò. Àwọn méjì yòókù bọ́ pẹ̀lú rẹ̀, nǹkan kan ò ṣe wọ́n. Ọwọ́ kan kò tó ẹ̀rí, mo mọ̀, ṣùgbọ́n inú mi ti ń kúrò lára French díẹ̀díẹ̀.

Ìyá àgbà ló parí ọ̀rọ̀. Wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n to ọwọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sórí itan wọn, wọ́n bi mí pé èwo ni wọ́n ń pè ní "normal". Mo nawọ́ sí èyí tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí àwọ̀ òyìnbó. Wọ́n ní kí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Mo ní ó túmọ̀ sí bó ṣe yẹ kí nǹkan rí. Wọ́n wo apá tiwọn, wọ́n wo tèmi. "Bó ṣe yẹ kí ta ni rí?" Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ń sọ nípa ère ìbejì tó wà nílé bàbá wọn, bí wọ́n ṣe ń wẹ̀ ẹ́, tí wọ́n ń fi osùn pa á lára, tí wọ́n ń fi aró sí irun rẹ̀, tí wọ́n ń fún un ní oúnjẹ, títí tí imú àti ojú rẹ̀ fi parẹ́ tí gbogbo rẹ̀ ń dán. Wọn kò rí aró tó kán sí èjìká ìbejì bí àbàwọ́n rí.

Mo sanwó fún "tan", èyí tó dúdú jù nínú àwọn tí wọ́n ní, kì í ṣe French. Mo tún ra ọwọ́ méjì sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má fojú kéré ìyẹn: bí wọ́n ṣe ń po àwọ̀ lónìí kọ́ ni wọ́n á ṣe pò ó lọ́dún tó ń bọ̀, ọwọ́ tí ẹ bá rà lẹ́yìn náà lè má bá ara mu mọ́. Gbogbo aládìrẹ ló mọ̀ pé ìkòkò aró méjì kì í bí búlúù kan náà.

Ó gba oṣù márùn-ún kó tó dé. Ìta ni mo ti yẹ̀ ẹ́ wò, kì í ṣe abẹ́ gílóòbù. Orúnkún òsì fi díẹ̀ mọ́ ju ti ọ̀tún lọ. Mo gbà bẹ́ẹ̀, ìró ló máa bò ó. Mo tú u palẹ̀, mo fi ọṣẹ fọ gbogbo rẹ̀ kí òróró mọ́ọ̀dì lè kúrò. Ojú rẹ̀, èmi ni mo kùn ún, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ tí mo lọ̀ kúnná. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fín ọ̀dà adíoòrùn sí i, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. Ojú rẹ̀ kún fún ìkùukùu funfun bí ẹni tó fi ẹfun para. Mo nù ún kúrò, mo dúró de ọ̀sán gbígbẹ. Màmá mi ní ṣé n kò ní kọ ọ́ nílà Ẹ̀gbá díẹ̀ ni. Mo ní abẹ tó bá kan àwọ̀ yìí, funfun ni yóò ṣẹ́, kò sì ní jinná.

Àbẹ̀kẹ́ ni a sọ ọ́. Ó ń kúnlẹ̀ lórí tábìlì, ní ìkángun tí oòrùn kì í dé, kọ́tìnnì funfun fẹ́ẹ́rẹ́ ló wà lábẹ́ gbogbo aṣọ rẹ̀ kí aró má bàa bá ara rẹ̀ tààrà. Mo fẹ́ ju ọwọ́ French tó di búlúù yẹn nù, Màmá mi kò gbà. Wọ́n so ó mọ́ ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹlẹ́kọ. Bí oníbàárà bá ti sanwó tán, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fi hàn án: "Ẹ wo ọwọ́ ẹni tí kò fọ tiẹ̀ kó tó wọ̀ ọ́."