Bí a ṣe ń fọ̀rọ̀ wá olóṣèlú lẹ́nu wò lórí tẹlifíṣọ̀n

Iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ kí àlejò tó wọ sítúdíò. Bí alága káńsù kan l'Ékòó bá ń bọ̀ wá sọ̀rọ̀ nípa ọ̀nà àti gọ́tà, kọ́kọ́ wá ìwé ìṣúná ọdún yìí àti ti èṣí, kí o sì fi ojú ara rẹ wo àdúgbò náà. Bí wọn ò bá gbé ìwé sílẹ̀, kọ lẹ́tà lábẹ́ òfin òmìnira ìròyìn ti 2011. Ọjọ́ 7 ni òfin fún wọn. Bí wọ́n bá ní òfin ìjọba àpapọ̀ ni, kò kan Èkó, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti sọ ní 2025 pé ó de gbogbo ìpínlẹ̀.

Fún ètò ìṣẹ́jú 30, ìbéèrè 6 ti tó. Fàlà sí ìdí méjì tí kò gbọdọ̀ bọ́, kí o béèrè wọn kí ètò tó dé ìdajì, torí olóṣèlú tó gbọ́n máa ń fa ọ̀rọ̀ gùn títí àkókò á fi tán. Má so ìbéèrè méjì pọ̀: èyí tó rọrùn ló máa dáhùn. Bí o bá béèrè pé "Ṣé ọ̀nà yìí máa parí?", "Lágbára Ọlọ́run" ni wàá gbọ́. "Èló lẹ ti san fún agbaṣẹ́ṣe?" ló dáa.

Ọ̀rọ̀ àgbà ló le jù. Ìta ni kí o ti dọ̀bálẹ̀ tàbí kí o kúnlẹ̀. Tí kámẹ́rà bá ti ń ṣiṣẹ́, oyè wọn ni kí o pè, pẹ̀lú "ẹ". Tó o bá ní "Dádì" tàbí "ẹ̀gbọ́n wa", ẹni tó ń wò nílé á ti kà ọ́ mọ́ ọmọ ilé wọn. Tí wọ́n bá yẹ ìbéèrè sílẹ̀, tún un béèrè bó ṣe wà: "Ẹ má bínú sà, èló lẹ ti san?" Tí wọ́n bá pòwe, jẹ́ kí wọ́n parí ẹ̀, kí o tún béèrè. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹta, sọ fún àwọn tó ń wò pé wọn ò dáhùn, kí o kọjá. Má jágbe mọ́ wọn. Àlejò làwọn èèyàn á wá máa káàánú.

Bùbá ni kí wọ́n ki máìkì mọ́, kì í ṣe agbádá: gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ká agbádá léjìká ló máa ń bò ó. Iyùn náà máa ń kọ lù ú. Ẹni tó ń ti Aláúsá bọ̀ ní Erékùṣù Victoria fún ètò aago 7 àárọ̀, pè é fún aago 6. Afárá Third Mainland kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Má gba "owó ọkọ̀". Dá a padà lójú ẹlòmíì.

Tọ́jú gbogbo fídíò, kí o kọ ọjọ́ àti ìlérí tí wọ́n ṣe sínú ìwé kan. Tí wọ́n bá tún jáde dupò, ohùn ara wọn ni kí o kọ́kọ́ gbé sí wọn létí.