Ráútà méjì nínú ilé kan ní Kabba: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí àdírẹ́sì àti fáyáwọ́ọ̀lù

Ìbéèrè: Okun o, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ wáífáì ilé wa ní Kabba ni mo fẹ́ bi yín. Ṣọ́ọ̀bù wà nísàlẹ̀ tó kọjú sí títì, ibẹ̀ la ti ń ṣe fótókọ́pì tá a sì ń bá àwọn ọmọ iléèwé tẹ fọ́ọ̀mù JAMB, bàbá àti màmá wà lókè, àwọn ayálégbé wà lẹ́yìn, wọ́n máa ń dá owó dátà díẹ̀. Kámẹ́rà náà wà, pẹ̀lú DVR tó ń gba fídíò wọn sílẹ̀. Ráútà 4G kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń lò tẹ́lẹ̀, mo wá ra èkejì, ẹnì kan bá mi fi OpenWrt, ìyẹn ètò tá a lè fi rọ́pò èyí tó bá ráútà wá, sí i kí n lè ya àwọn ayálégbé sọ́tọ̀. Àtìgbà tí mo ti so wọ́n pọ̀, íntánẹ́ẹ̀tì ń lọ ń bọ̀, tí mo bá tẹ 192.168.1.1 ojú ìwé ráútà àkọ́kọ́ á ṣí, tó bá tún dìgbà míì ti èkejì á ṣí. Mo ti pa fáyáwọ́ọ̀lù (firewall, ọlọ́dẹ inú ráútà tó ń yẹ ohun tó ń wọlé tó ń jáde wò), kò yàtọ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Okun, àbúrò. Kọ́kọ́ tan fáyáwọ́ọ̀lù yẹn padà kó o tó ka ìyókù, torí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ráútà méjèèjì ló ń jẹ́ 192.168.1.1, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Ti 4G yẹn ń pín 192.168.1 fún ohun tó bá so mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ 192.168.1.1 náà ni OpenWrt máa ń bá wáyé, tó o bá wá ti wáyà láti ẹ̀yìn àkọ́kọ́ bọ WAN (ihò tó kọjú sí íntánẹ́ẹ̀tì) èkejì, ráútà kejì á wo iwájú á rí 192.168.1, á wo ẹ̀yìn á tún rí 192.168.1, kò ní mọ apá ibi tó yẹ kó darí nǹkan sí. Ṣé o rí i pé fáyáwọ́ọ̀lù ò sí nínú ẹjọ́ yìí rárá. Ẹni tó bá ń kanra mọ́ fáyáwọ́ọ̀lù, mo máa ń ní kó mú bébà àti bírò ná, torí àdírẹ́sì ni fáyáwọ́ọ̀lù fi ń dá èèyàn mọ̀, tí ayálégbé, kámẹ́rà àti kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù bá ń jẹ́ orúkọ kan náà kí lo fẹ́ sọ fún un pé kó dínà mọ́?

Àdírẹ́sì tá a lè lò nínú ilé láìgbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, oríṣi mẹ́ta ni, inú RFC 1918, ìwé ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì tó jáde ní 1996, ni wọ́n wà: 10.0.0.0/8, 172.16.0.0/12 àti 192.168.0.0/16. Gbogbo ayé ló ń lo 192.168.0 àti 192.168.1, torí ẹ̀ má lò ó, lọ́jọ́ tó o bá wà nílé ẹ̀gbọ́n rẹ l'Abuja tó o fẹ́ wọ ilé láti ibẹ̀, àdírẹ́sì tọ̀hún àti ti Kabba á tún kọlu ara wọn. Mú 10. Kọ ọ́ báyìí sórí bébà: ṣọ́ọ̀bù 10.20.10.0/24, òkè ọ̀dọ̀ bàbá 10.20.20.0/24, kámẹ́rà 10.20.30.0/24, ayálégbé àti àlejò 10.20.40.0/24. Nọ́ńbà ẹ̀yìn ìlà yẹn ló ń sọ bí àdírẹ́sì inú ẹ̀ ṣe pọ̀ tó, /24 gba ẹ̀rọ 254, ìyẹn ti tó yín jẹ, kẹ́ ẹ tún ṣẹ́ kù. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, .1 ni ráútà, láti .2 dé .99 fi í pamọ́ fún ohun tí àdírẹ́sì ẹ̀ ò gbọdọ̀ yí padà, láti .100 dé .249 jẹ́ kí DHCP, ètò inú ráútà tó ń fún ẹ̀rọ ní àdírẹ́sì, máa pín in, bí OpenWrt fúnra ẹ̀ ṣe máa ń pín in náà nìyẹn.

Bó o ṣe máa yí i padà rèé. Yọ wáyà WAN kúrò, so láptọ́ọ̀pù mọ́ LAN (ihò tó kọjú sínú ilé) ráútà kejì, ṣí ojú ìwé ẹ̀, wọ Network, Interfaces, kó o ṣí lan, kó o fi 10.20.20.1 rọ́pò 192.168.1.1. Ibi tó máa ń dá èèyàn lágara ni pé OpenWrt máa ń dúró fún 90 sẹ́kọ́ńdì, tí kò bá gbúròó ẹ lórí àdírẹ́sì tuntun á dá gbogbo ẹ̀ padà sí bó ṣe wà, ìwọ á rò pé kò ṣiṣẹ́ ni. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tìnì Save & Apply, yan Apply unchecked, kó o yọ wáyà láptọ́ọ̀pù kó o tún un tì, á gba àdírẹ́sì tuntun. Ti 4G jẹ́ kó máa jẹ́ 192.168.1.1 ẹ̀, ṣùgbọ́n pa wáífáì tiẹ̀ o, torí gbogbo iṣẹ́ tó o bá ṣe sórí èkejì, ayálégbé tó ṣì mọ pasíwọ́ọ̀dù ti tẹ́lẹ̀ á kàn gba ẹ̀yìn wọlé ni.

Ìbéèrè: Ẹ ṣé gan-an ẹ̀gbọ́n, ó ti dúró, kò lọ bọ̀ mọ́. Mo ti ya ihò LAN ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ pẹ̀lú Bridge VLAN filtering, ètò OpenWrt tó ń ya ihò kan kúrò lára òmíì, bí mo ṣe rí i níbẹ̀, ìkan ti ṣọ́ọ̀bù, ìkan ti DVR. Príńtà ṣọ́ọ̀bù ló kù. Tí iná bá ti lọ tá a tan jẹnẹrétọ̀, kọ̀ǹpútà á ní òun ò rí i mọ́, àfi kí n yọ ọ́ kúrò kí n tún un fi sí i.

Ìdáhùn: Iná ọ̀dọ̀ wa kúkú ni, a mọ̀ ọ́n. Tí gbogbo ẹ̀ bá kú tó tún jí lẹ́ẹ̀kan náà, ráútà máa ń pẹ́ kó tó jí tán, príńtà á ti kọ́kọ́ jí, á bèèrè àdírẹ́sì, kò ní rẹ́ni dá a lóhùn, á sọ ara ẹ̀ ní 169.254 nǹkan kan. Ẹ̀rọ èyíkéyìí tó o bá rí 169.254 lórí ẹ̀, ó túmọ̀ sí pé DHCP ò dá a lóhùn, má wulẹ̀ lọ máa wo fáyáwọ́ọ̀lù. Èkejì, tó bá tiẹ̀ rí àdírẹ́sì gbà, ó lè jẹ́ .117 lónìí kó jẹ́ .132 lọ́la, kọ̀ǹpútà ṣì ń wá .117 kiri. Wọ DHCP and DNS, Static Leases, mú MAC (nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó bá ẹ̀rọ wá) príńtà yẹn kó o so ó mọ́ 10.20.10.20. Má lọ tẹ àdírẹ́sì sórí príńtà fúnra ẹ̀ o, lọ́jọ́ tó o bá pààrọ̀ ètò wàá gbàgbé pé o tẹ̀ ẹ́. Ráútà méjèèjì ò jẹ iná púpọ̀, tó o bá lè rí UPS kékeré tí wọ́n ń tà fún ráútà, kí iná má bàa kú lórí wọn rárá, wàá sinmi.

Mo tún rántí nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ ráútà ilé ò ní bátìrì aago, tí wọ́n bá jí, ọjọ́ àtijọ́ ló máa wà lórí wọn títí wọ́n á fi rí íntánẹ́ẹ̀tì bi aago. Tó o bá fi òfin sí i pé kí wáífáì àwọn ọmọdé máa kú ní aago mẹ́wàá alẹ́, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò bá tètè dé, á máa ṣe ségesège.

Ìbéèrè: Mo ti so príńtà. Ó wá ku ti ayálégbé: mo dá zone (àgbègbè tí fáyáwọ́ọ̀lù ń fi òfin kan náà dè) sílẹ̀ fún wọn, mo pè é ní guest, mo fi input sí reject, forward reject, output accept, mo gbà kí wọ́n lọ sí wan. Fóònù wọn á so, á ní òun ń gba àdírẹ́sì, á yí títí, á já. Wọ́n ti ń pariwo pé àwọn ti dáwó o.

Ìdáhùn: Owó tí wọ́n dá, wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti pariwo jàre. Ohun tó o ṣe dáa, ó kàn ku díẹ̀ ni. Jẹ́ kí input àti forward yé ẹ, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Input ni ohun tó ń bọ̀ wá bá ráútà fúnra ẹ̀. Forward ni ohun tó kàn fẹ́ gba inú ráútà kọjá lọ síbòmíì. Àdírẹ́sì tí fóònù ń tọrọ, ọwọ́ ráútà ló ti ń tọrọ ẹ̀, DNS, tó ń sọ orúkọ ojú òpó di àdírẹ́sì, ráútà náà ló ń bi, méjèèjì input ni wọ́n, o sì ti ní kó kọ gbogbo input. Lọ sí Traffic Rules kó o fi méjì kún un: láti guest sí ráútà, UDP 67 (ilẹ̀kùn DHCP), gbà, láti guest sí ráútà, TCP àti UDP 53 (ilẹ̀kùn DNS), gbà; TCP àti UDP ni ọ̀nà méjì tí ọ̀rọ̀ ń gbà rìn. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn ò ní lè ṣí ojú ìwé ráútà ẹ, wọn ò sì ní rí ṣọ́ọ̀bù. Òfin wọ̀nyí, láti òkè sísàlẹ̀ ló ń kà wọ́n, èyí tó bá kọ́kọ́ bá ọ̀rọ̀ náà mu ló máa lò, torí ẹ̀ tó o bá ti fi "kọ gbogbo ẹ̀" sókè, ohun yòówù tó o kọ sábẹ́ ẹ̀ lásán ni.

Ìbéèrè: Ó ti ṣiṣẹ́! Ariwo ti dákẹ́. Àmọ́ èmi náà tí mò ń gbé òkè ò lè fi fóònù mi tẹ nǹkan jáde ní ṣọ́ọ̀bù mọ́. Mo tiẹ̀ ping (pè wò bóyá á dáhùn) kọ̀ǹpútà Windows tó wà níbẹ̀, kò dáhùn. Ṣé kí n ṣí òkè sí ṣọ́ọ̀bù pátápátá ni?

Ìdáhùn: Rárá o, kí lo wá yà wọ́n sọ́tọ̀ fún? Òfin kan ni: láti òkè sí ṣọ́ọ̀bù, kìkì 10.20.10.20, TCP 631 àti 9100 (ilẹ̀kùn príńtà), gbà. Má kọ òfin míì fún èsì tó ń padà bọ̀, fáyáwọ́ọ̀lù yẹn dà bí ọlọ́dẹ tó mójú ẹni tó bá jáde, tó bá ń padà bọ̀ kò ní bi í léèrè. Àmọ́ fóònù ẹ ò ní dédé rí príńtà fúnra ẹ̀, torí ariwo tó fi ń wá príńtà kiri, UDP 5353 sí 224.0.0.251, kì í kọjá láti àgbègbè àdírẹ́sì kan sí òmíì. Fọwọ́ tẹ 10.20.10.20 sínú ètò ìtẹ̀wé fóònù náà, ó tán. Àwọn kan á ní kó o fi avahi sórí ráútà kó máa gbé ariwo yẹn kọjá, ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n fún príńtà kan ṣoṣo mi ò rí ìdí ẹ̀.

Ti ping yẹn, má fi ṣe ẹ̀rí. Fáyáwọ́ọ̀lù inú Windows náà wà láàyè ara ẹ̀, kì í sì í sábà dá ping tó bá wá láti àgbègbè àdírẹ́sì míì lóhùn. Ohun tó o fẹ́ lò gan-an ni kó o dán wò, tẹ bébà kan jáde.

Ìbéèrè: Kámẹ́rà ló kù. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà l'Abuja fẹ́ máa wo iwájú ilé. Mo ti ṣe port forward (ṣí ilẹ̀kùn fún ẹni tó ń bọ̀ láti ìta) fún pọ́ọ̀tù 8000 àti 554 lórí ráútà méjèèjì, kò wọlé. Ẹnì kan ní kí n fi DVR sí DMZ, ìyẹn ibi tí gbogbo ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀ fún ìta.

Ìdáhùn: Ẹni tó ní kó o fi DVR sí DMZ yẹn, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó bá ẹ tún ilé ẹ ṣe. Ní 2016, kòkòrò kan tó ń jẹ́ Mirai kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún kámẹ́rà, DVR àti ráútà tí wọ́n ṣí sílẹ̀ báyẹn, tí wọn ò yí pasíwọ́ọ̀dù tó bá wọn wá padà, wọ́n sì fi wọ́n kọlu ilé iṣẹ́ DNS kan l'Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Dyn, débi pé ọ̀pọ̀ ojú òpó ńláńlá ò ṣí lọ́jọ́ náà. Onílé ò ní mọ̀, kámẹ́rà ẹ̀ á ṣì máa ṣiṣẹ́, dátà ló máa kàn máa tètè tán.

Ìdí tí kò fi wọlé: ṣí ojú ìwé ráútà 4G, wo àdírẹ́sì WAN ẹ̀. Tó bá bẹ̀rẹ̀ láti 100.64 dé 100.127, wọ́n ti kó ẹ pọ̀ mọ́ àìmọye oníbàárà sábẹ́ àdírẹ́sì kan ṣoṣo nìyẹn, RFC 6598 ti 2012 ló ya àwọn nọ́ńbà yẹn sọ́tọ̀ fún irú ẹ̀. Tó bá jẹ́ 10 nǹkan kan náà, ìtumọ̀ ẹ̀ ò yàtọ̀. Ẹni tó ń bọ̀ láti ìta ò ní dé ọ̀dọ̀ ẹ, kódà kó o ṣe port forward títí di Kérésì. Yọ gbogbo ẹ̀ kúrò, pa UPnP, tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣí ilẹ̀kùn fúnra ẹ̀, náà.

Ilé ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde lọ pàdé ẹ̀gbọ́n rẹ. Méjì ni mo mọ̀ tó rọrùn, VPN ni méjèèjì, ìyẹn ọ̀nà àbò tó ń gba inú íntánẹ́ẹ̀tì so ibi méjì pọ̀. Tailscale, wàá fi sórí ráútà tàbí kọ̀ǹpútà kan tí kì í kú, àti sórí fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ, ó máa ń bá irú nẹ́tíwọ́ọ̀kì yìí lò dáadáa. Tàbí kẹ́ ẹ yá sẹ́fà kékeré kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ fi WireGuard sí i ní UDP 51820, kí ráútà ilé jáde lọ so mọ́ ọn pẹ̀lú PersistentKeepalive 25 kí ọ̀nà má bàa pa dé. Èyí kejì gba làálàá díẹ̀, èmi fẹ́ràn ẹ̀ torí ọwọ́ ẹ ni gbogbo ẹ̀ wà. Lẹ́yìn náà, zone kámẹ́rà ò gbọdọ̀ jáde lọ sí wan rárá, ìwọ láti òkè àti ẹ̀gbọ́n rẹ láti inú Tailscale tàbí WireGuard nìkan lẹ máa wọ ibẹ̀. Mọ̀ pé áàpù ilé iṣẹ́ tó ṣe kámẹ́rà yẹn ò ní ṣiṣẹ́ mọ́ nígbà náà. Jẹ́ kí ráútà máa sọ aago fún DVR, ṣí UDP 123 fún un sí ráútà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọjọ́ tó wà lórí fídíò lè má péye, tí olè bá sì wọlé, ẹ ó kàn máa wá déètì kiri.

Kó o tún sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ pé kó máa wo èyí tó kéré, tí wọ́n ń pè ní substream. Tó bá wà ní 512 kb/s, wákàtí kan máa jẹ bíi 230 MB. Tó bá jẹ́ fídíò ńlá 4 Mb/s ló ń wò, 1.8 GB ni wákàtí kan ṣoṣo, àwọn ayálégbé á tún bẹ̀rẹ̀ ariwo.

Ìbéèrè: Ó yé mi. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó dúró dáadáa?

Ìdáhùn: Gba pasíwọ́ọ̀dù ayálégbé, so fóònù ẹ mọ́ ọn, tẹ 10.20.10.1, 10.20.20.1, 10.20.40.1 àti 10.20.10.20 níkọ̀ọ̀kan. Kò gbọdọ̀ sí èyí tó ṣí. Wàá wá tẹ 192.168.1.1, ó dá mi lójú pé èyí máa ṣí, torí ráútà 4G wà lápá wan, o sì ti ní kí guest máa lọ sí wan. Fi òfin kan sí Traffic Rules: guest sí wan, 192.168.1.1, kọ̀ ọ́. Yí pasíwọ́ọ̀dù admin ti 4G náà. Tí fóònù bá ń rí IPv6 (oríṣi àdírẹ́sì tuntun tó gùn ju IPv4 tá a ti ń lò bọ̀ yìí), wò ó pé òfin àwọn guest ò mọ sórí IPv4 nìkan, torí IPv6 kì í sábà ní NAT (tó ń fi àdírẹ́sì inú ilé pamọ́ sábẹ́ ẹyọ kan) tó ń bò ó, fáyáwọ́ọ̀lù nìkan ló wà níbẹ̀. Tó bá ti rí bó o ṣe fẹ́, wọ System, Backup, Generate archive, gbé fáìlì yẹn sórí fúláàṣì, kó o tẹ ètò àdírẹ́sì yẹn jáde lórí príńtà 10.20.10.20 kó o lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ráútà.