Bí ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá ṣọ́jà ti kúrò lóòótọ́ lẹ́yìn ogun

Tẹ́ ẹ bá gbọ́ lórí rédíò pé ogun ti parí, ṣọ́jà ti ń padà sílé, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́ o. Ẹ kọ́kọ́ wá orúkọ àwọn tó tọwọ́ bọ̀wé. Ẹ jẹ́ ká fi ti Tigray ní Ethiopia ṣe é, èyí tí Bàbá Ọbásanjọ́ wa wà lára àwọn tó làjà ẹ̀: ọjọ́ 2 oṣù 11, 2022, ní Pretoria, ìjọba Ethiopia àti TPLF, ìyẹn ẹgbẹ́ tó ń darí Tigray tó sì ń bá ìjọba jà, nìkan ló fọwọ́ sí i. Eritrea, orílẹ̀-èdè tó bá Ethiopia pààlà, tó gbè sẹ́yìn ìjọba Ethiopia wọ Tigray látọdún 2020, kò sí níbẹ̀, wọn ò tiẹ̀ dárúkọ ẹ̀ nínú ìwé náà. Ìwé tí èèyàn ò fọwọ́ sí, ta ló máa fi mú un?

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá ìwé àwọn ọ̀gá ológun, torí ibẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ bí iṣẹ́ ṣe máa lọ sí. Tiwọn jáde ní Nairobi lọ́jọ́ 12 oṣù yẹn kan náà: bí TPLF bá ṣe ń kó ìbọn ńláńlá sílẹ̀ ni ṣọ́jà ilẹ̀ òkèèrè àtàwọn tí kì í ṣe ti ìjọba àpapọ̀ á máa jáde.

Wàyí o, máàpù, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Ẹ béèrè pé, kúrò níbo? Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ 2023 àwọn ará Eritrea ti ń kó jáde ní Shire àti Adwa, àwọn ìlú kan ní Tigray, gbogbo ayé sì rí i, àmọ́ ẹ wo Badme, ìlú kékeré lẹ́nu ààlà tí Ethiopia àti Eritrea tìtorí ẹ̀ jagun ní 1998, tí ìgbìmọ̀ ààlà dá fún Eritrea ní 2002, tí Ethiopia ò gbà títí di 2018. Ṣọ́jà tó wà níbẹ̀ á ní ilé òun lòún wà, kí lẹ fẹ́ kó kúrò sí? Àwọn Amhara, ẹ̀yà tó múlé gbe Tigray, náà ń sọ bẹ́ẹ̀ ní Welkait tó wà ní ìwọ̀-oòrùn Tigray, wọ́n ní tàwọn ni kí TPLF tó gbà á mọ́ àwọn lọ́wọ́. Ìròyìn tó bá ní "wọ́n ti lọ" tí ò dárúkọ ìlú kankan, ẹ fò ó.

Tó bá ṣì rú yín lójú, ẹ wò ó bóyá àwọn tógun lé ti padà sílé. Ọdún kan gbáko lẹ́yìn Pretoria, àwọn tó sá kúrò ní Welkait ṣì pọ̀ nínú ọgbà iléèwé ní Shire.