Bí a ṣe ń yẹ àbá owó-orí kábọ́ọ̀nù wò kí a tó fara mọ́ ọn

Bí ìjọba bá gbé àbá owó-orí kábọ́ọ̀nù jáde, ìyẹn owó tí wọ́n ń bù lé èéfín kábọ́ọ̀nù tí epo tó jóná ń tú sáfẹ́fẹ́, ìṣirò ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe. Àríyànjiyàn lè dúró. Lítà bẹntiróòlù kan tó bá jóná ń tú nǹkan bíi kìlógíráàmù 2.3 CO2, ìyẹn èéfín kábọ́ọ̀nù náà, sáfẹ́fẹ́. Ti dísẹ́ẹ̀lì tó 2.7. Iye tí wọ́n bù lé tọ́ọ̀nù CO2 kan, ẹ fi 2.3 sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ wá fi 1,000 pín in. Tó bá jẹ́ dọ́là 50, sẹ́ǹtì 11.5 ló máa gun lítà kan. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, torí bí alátakò ṣe máa ń bù mọ́ ọn náà ni alátìlẹyìn máa ń bù nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ tọpa owó náà. Ibẹ̀ ni irú òfin yìí ti sábà máa ń kú. Ní Kánádà, títí di 2025, ìjọba àpapọ̀ ń dá èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ padà fún àwọn ìdílé, ṣùgbọ́n inú ìwé owó-orí ọdọọdún ló kọ́kọ́ fara sin sí. Oṣù keje ọdún 2022 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí san án ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, ó sì di 2024 kí wọ́n tó fún un lórúkọ tí kábọ́ọ̀nù wà nínú rẹ̀. Gbogbo ìgbà téèyàn bá ra epo ló ń rí ohun tó san. Ohun tó gbà padà ò hàn sí i. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ọdún 2025, owó tí wọ́n bù lé epo aráàlú di òdo. Nítorí náà, ẹ béèrè: ṣé owó ọ̀tọ̀ ni yóò wọ àkáǹtì? Ṣé orúkọ rẹ̀ yé ọmọdé? Ṣé yóò ti wọlé kí epo tó gbówó lórí? Bí ìdáhùn sí ọ̀kan bá jẹ́ rárá, ẹ ní kí wọ́n tún un ṣe.

Àsìkò náà ṣe pàtàkì. Ní 2018, Yúró 44.60 ni Faransé ń gbà lórí tọ́ọ̀nù kan. Wọ́n fẹ́ sọ ọ́ di 55 ní 2019, bẹ́ẹ̀ epo rọ̀bì fúnra rẹ̀ ti wọ́n ní 2018 yẹn. Ará ìgbèríko tí kò rí bọ́ọ̀sì wọ̀ ni yóò san jù. Oṣù kọkànlá 2018 ni àwọn aláṣọ àwọ̀ ìyeyè, ìyẹn àwọn tó ń fẹ̀hónú hàn nítorí owó epo, bọ́ sígboro. Ní oṣù kejìlá, ìjọba fagi lé àfikún náà. Bí British Columbia, ìpínlẹ̀ kan ní Kánádà, ṣe bẹ̀rẹ̀ sàn jù: dọ́là 10 lórí tọ́ọ̀nù kan ní 2008, 5 lé e lọ́dọọdún títí ó fi di 30 ní 2012, wọ́n sì ń dín owó-orí mìíràn kù.

Ẹ ka apá tó sọ̀rọ̀ nípa àwọn tí kò ní san, kódà bó wà lójú ewé tó gbẹ̀yìn. Bí òfin bá yọ iléeṣẹ́ sìmẹ́ǹtì tàbí ti irin sílẹ̀, ẹ wá ọjọ́ tí ìyọsílẹ̀ náà yóò parí. Bí kò bá ní ọjọ́, aráàlú ni yóò máa sanwó, iléeṣẹ́ á sì máa tú èéfín lọ.